Àwo Ráàpù Abẹ́lẹ̀ Tí A Ń Gbọ́ ní Ṣómólú: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ẹ̀yìn ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, tí ẹ̀rọ rẹ̀ máa ń sinmi lọ́jọ́ Àìkú, ni àwa kan ti máa ń pàdé láti gbọ́ àwo ráàpù. Láti orin àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn ni, a kì í fo ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á dúró dìgbà tí àwo bá tán. Látìgbà tí a ti ń fi orúkọ àwọn àwo ráàpù abẹ́lẹ̀ tí a yàn pé ó dùn jù lọ́dún ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ìbéèrè ò dáwọ́ dúró, láti Bàrígà, láti Agége, àní láti Ìsàlẹ̀ Èkó. Àwọn tó wọ́pọ̀ jù nìwọ̀nyí. Ìdáhùn tèmi ni mo kọ síbẹ̀ o. Àwọn yòókù nínú wa ní tiwọn, wọ́n á sì bá mi fa á.

Kí lẹ ń pè ní ráàpù abẹ́lẹ̀ gan-an? Ṣé orin ẹni tí kò tíì lókìkí ni?

Rárá. Ọ̀pọ̀ oníráàpù ló wà tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, tó jẹ́ pé bí ilé-iṣẹ́ orin ńlá kan bá pè é lónìí, á ju gbogbo ohun tó ń ṣe sílẹ̀, á máa kọ ohun tí wọ́n bá ní kó kọ. Ẹni yẹn ò sí lábẹ́lẹ̀, ọkọ̀ ni kò tíì rí wọ̀. Ohun tí àwa ń wò ni pé: ta ló sanwó sitúdíò? Ta ló ni orin náà lẹ́yìn tó jáde? Ta sì ni ẹni náà ń bá sọ̀rọ̀? Bó bá jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló mú iṣu tó tún mú ọ̀bẹ, tí kò sì yí ohùn padà torí kí wọ́n lè lò ó ní kíláàbù, abẹ́lẹ̀ ni. Ìbáà lówó, ìbáà sì ní olólùfẹ́ káàkiri ayé.

Ẹ máa rí i pé àwọn tí mo fẹ́ dárúkọ kì í ṣe ọmọdé. Ní Amẹ́ríkà, ráàpù abẹ́lẹ̀ ti di iṣẹ́ àgbà: àwọn tó ti tọ́mọ, tó ti sin òkú, tó ti ṣiṣẹ́ oṣù, ni wọ́n ń ṣe èyí tó dùn jù. Níbí, a ṣì ń wo ráàpù bí eré ọmọ ogún ọdún. Ó ń dùn mí.

Ọdún wo lẹ ń sọ? Mo rí i pé àwo yín kan ti pẹ́ díẹ̀.

Ọdún 2025 la fi ṣe ìpìlẹ̀. Ṣùgbọ́n irú àwo yìí kì í sáré dé Èkó. Kò sẹ́ni tó ń pariwo rẹ̀ lórí rédíò, kò sí pátákó rẹ̀ ní Ìkẹjà, ó máa ń tó oṣù mélòó kan kó tó kàn wá. Nítorí náà, àwọn ti 2024 tó jẹ́ pé 2025 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ wá lára wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ òfin kàlẹ́ńdà, kó lọ bá àwọn tó ń pín àmì ẹ̀yẹ.

Èwo ló gba ipò kìíní?

The Thief Next to Jesus, ti Ka. N ò tilẹ̀ ronú lẹ́ẹ̀mejì.

Oṣù kẹjọ 2024 ló jáde. Lọ́jọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, Ka kú, ẹni ọdún 52. Kaseem Ryan lorúkọ rẹ̀, ọmọ Brownsville ní Brooklyn, àdúgbò tí ọmọ Mushin ò ní ṣàjèjì sí bí wọ́n bá já a sílẹ̀ níbẹ̀ lóru. Iṣẹ́ panápaná ló ń ṣe ní New York, ó sì dé ipò kápúténì. Iṣẹ́ yẹn ló fi ń jẹun, orin ló fi ń sọ ohun tó rí. Ọ̀pọ̀ bíìtì rẹ̀, òun ló ṣe é fúnra rẹ̀. Bí àwo bá jáde, á kéde ibi tó máa dúró sí, á lọ dúró síbẹ̀ lójú títì, á sì máa fọwọ́ ara rẹ̀ lé àwo lọ́wọ́ àwọn tó wá rà á, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún 2016, ìwé ìròyìn kan níbẹ̀ gbé e sójú ewé àkọ́kọ́, wọ́n ní báwo ni panápaná ìjọba ṣe máa kọ irú orin báyìí. Kò bá wọn jà. Ó ń bá iṣẹ́ méjèèjì lọ.

Ọ̀pọ̀ àwo Ka ló máa ń ní igi kan tó so gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ pọ̀. Èyí tó ṣe lọ́dún 2013 dá lórí ayò ṣẹ́ẹ̀sì, ti 2016 dá lórí àwọn jagunjagun Japan, ti 2020 dá lórí Kéènì àti Ébẹ́lì. Èyí tó kẹ́yìn yìí, ẹ̀sìn Kristi ló gbé kalẹ̀. Ó gé orin ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú wọnú bíìtì, ó wá ń bi í léèrè lórí rẹ̀ pé: ẹ̀sìn tí àwọn tó kó wa lẹ́rú fà lé wa lọ́wọ́, kí ló ti ṣe fún wa? Kì í pariwo. Ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè rárá, ẹ máa ní láti fetí sí i dáadáa, nítorí ìlà kan lè ní ìtumọ̀ mẹ́ta.

Ọ̀kan nínú wa ń kọrin ní kúáyà. Nígbà tí orin tó ń jẹ́ “Collection Plate” bẹ̀rẹ̀, ó káwọ́ mọ́ àyà, kò sọ nǹkan kan. Ó parí, ó ní, “Ẹ tún un gbé.” A tún un gbé. Ó wá ní òun ò fara mọ́ ọn, pé bàbá yìí rí igbá ọrẹ, kò rí ẹni tí wọ́n fi owó ọrẹ sin òkú rẹ̀. Ẹlòmíràn fèsì pé ta ló ra mọ́tò pásítọ̀? Ó di gbọnmi-si-i-omi-ò-to-o, ilẹ̀ ṣú bá wa níbẹ̀. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé àwo náà tó àwo. Kò sí òpópónà kan ní Ṣómólú tí kò ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó bá sì ń gbé àárín wa kò lè gbọ́ ọ kó dà bíi pé ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà ni.

Kí ló dé tí kò sí ìlù nínú ọ̀pọ̀ orin yìí? Mo ń dúró kó bẹ̀rẹ̀, ó ti parí.

Ìyá tó ń dín àkàrà lẹ́bàá ilé ìtẹ̀wé náà bi wá bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: “Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ìgbà wo lorin yín fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ná?”

Roc Marciano, ọmọ Hempstead ní Long Island, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń tọ́ka sí. Àwo rẹ̀, Marcberg, tó jáde lọ́dún 2010, ló ṣílẹ̀kùn. Lẹ́yìn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìlù kúrò nínú bíìtì díẹ̀díẹ̀, kí dùùrù tàbí gìtá inú àwo àtijọ́ nìkan máa yí po, kí ọ̀rọ̀ sì fúnra rẹ̀ gbé ìlù náà. Ọ̀pọ̀ ló tẹ̀ lé e. Marciology tó ṣe lóṣù kẹta 2024 wà lára àwọn tí a yàn: ọ̀rọ̀ agbára, aṣọ olówó gọbọi àti ẹ̀fẹ̀ burúkú, tí ó ń sọ láìgbé ojú sókè. Tí ẹ bá fẹ́ ráàpù tó ń yangàn, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù ú lọ.

Ó yẹ kí èyí rọ Yorùbá lọ́rùn ju gbogbo èèyàn lọ. Bí bàbá yín bá ní àwo ewì Lánrewájú Adépọ̀jù, kí Ọlọ́run tẹ́ akéwì náà sáfẹ́fẹ́ rere, ẹ mọ̀ pé tọmọdé tàgbà ló máa ń dákẹ́ bí wọ́n bá gbé e sí i. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ibi tí ìlù ijó wà. Ọ̀rọ̀ là ń gbọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ jókòó ti èyí.

Ta lẹni tó ń fi àsíá bojú yẹn?

Mach-Hommy. Ọmọ Haiti ni, ní Newark, New Jersey ló dàgbà sí. Àsíá Haiti ló fi ń bojú, kì í sì í jẹ́ kí wọ́n dárúkọ àbísọ rẹ̀. Àwo rẹ̀ tó ń jẹ́ #RICHAXXHAITIAN jáde lọ́jọ́ 17 oṣù karùn-ún 2024, ọ̀la rẹ̀ ni ọjọ́ àsíá Haiti. Òun ló sì parí ọ̀wọ́ àwo mẹ́rin tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú HBO lọ́dún 2016.

HBO yẹn, 300 dọ́là ló tà á. Ẹ tún un kà. Àwo ráàpù kan, 300 dọ́là, ìyẹn lé ní 400,000 náírà lówó ọdún 2025. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́, mo ní agbéraga ni. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ya àwòrán ló dá mi lóhùn pé bí ẹnì kan bá ya àwòrán, tó ní mílíọ̀nù kan ni, kò sẹ́ni tó máa ní agbéraga ni. Kí ló dé tí ti olórin fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́? N kò tíì rí èsì tó dáa fún un. Àwọn tó rà á rà á, Mach-Hommy ò sì tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kankan.

Inú àwo tuntun náà, ó ń yí láti Gẹ̀ẹ́sì bọ́ sí Kreyòl, èdè Haiti, láàárín ìlà kan ṣoṣo, kò sì túmọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí ọmọ Èkó ṣe ń da Yorùbá, Píjìn àti Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ lẹ́nu kan mọ ohun tó ń ṣe. Ọ̀rọ̀ owó tí ilẹ̀ òkèèrè ń yá orílẹ̀-èdè kéékèèké wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìgbéraga ìran tó fi ogun lé àwọn amúnisìn lọ, tó gba òmìnira lọ́dún 1804, wà níbẹ̀. Ohun tó tún wú mi lórí ni pé ará Haiti ní Ogou nínú ẹ̀sìn Vodou wọn. Ògún wa ni, tó bá àwọn ẹrú sọdá òkun. Bí mo bá ń gbọ́ Mach-Hommy, n kì í rò pé àlejò ń bá mi sọ̀rọ̀.

billy woods ńkọ́? Gbogbo èèyàn ló ń dárúkọ rẹ̀.

Wọ́n ò purọ́. GOLLIWOG jáde lóṣù karùn-ún 2025, ti ọdún 2025 gan-an, òun ni mo fi sípò kejì. Golliwog ni bèbí dúdú tí àwọn òyìnbó fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ àwọ̀ wa láyé àtijọ́. Ó fi bèbí yẹn ṣe ìtàn ẹ̀rù láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rù iwin. Ẹ̀rù onílé tó fẹ́ lé èèyàn jáde ni, ẹ̀rù ọlọ́pàá, ẹ̀rù ìjọba tó ń sọ pé òun ń ṣe wá lóore. Oríṣiríṣi olùṣe bíìtì ló bá a ṣiṣẹ́, síbẹ̀ ohùn kan náà ló ń jáde.

Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Zimbabwe, òun fúnra rẹ̀ sì gbé níbẹ̀ ní kékeré, láyé àwọn ọdún 1980, lẹ́yìn tí orílẹ̀-èdè náà gba òmìnira. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bó bá mẹ́nu kan Áfíríkà, kì í ṣe Áfíríkà inú fíìmù. Àwo rẹ̀ ti 2022, Aethiopes, fi èyí hàn dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, kó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Òun náà kì í jẹ́ kí wọ́n ya ojú òun. Òun àti ELUCID ni wọ́n ń jẹ́ Armand Hammer, wọ́n sì gbé Mercy jáde pẹ̀lú The Alchemist, olùṣe bíìtì, lóṣù kọkànlá 2025. A ṣì ń gbọ́ ọ lọ́wọ́, n ò tíì lè ṣèdájọ́.

Ìmọ̀ràn kan: ẹ má gbọ́ GOLLIWOG lóru tí wọ́n bá mú iná lọ.

Àwọn wo ló kù?

Boldy James, ọmọ Detroit, àti Nicholas Craven tó ṣe bíìtì: Penalty of Leadership, oṣù kìíní 2024. Ọdún tó ṣáájú ìyẹn ni jàǹbá ọkọ̀ ṣe Boldy, tó fi ọrùn ṣẹ́. Ẹ ó gbọ́ ìrora náà lóhùn rẹ̀. MIKE: Showbiz!, oṣù kìíní 2025. Ó dà bíi pé oorun ń kùn ún, ṣùgbọ́n kò sùn. ELUCID: REVELATOR, 2024, ariwo pọ̀ nínú rẹ̀, àwọn kan nínú wa sá jáde. Earl Sweatshirt: Live Laugh Love, oṣù kẹjọ 2025, ó kúrú, ó sì dùn, ẹni tó ti ń bínú látìgbà ọ̀dọ́ ló wá di bàbá ọmọ.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ má fò ni Service Merchandise, ti Previous Industries, 2024. Àwọn àgbà mẹ́ta kan ni, Open Mike Eagle ni ẹ máa mọ̀ jù nínú wọn. Orúkọ àwọn ilé ìtajà Amẹ́ríkà tó ti kógbá wọlé ni wọ́n fi sọ orin wọn. Ẹ̀fẹ̀ ni lákọ̀ọ́kọ́. Tó bá yá, ẹ máa rí i pé ọ̀rọ̀ bí ayé ṣe ń gbàgbé èèyàn ni. Ẹni tó bá mọ Kingsway ní Marina nígbà ayé rẹ̀, tàbí tó ti gbọ́ ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀, kò ní nílò àlàyé.

Kí ló dé tí ẹ ò dárúkọ ọmọ Nàìjíríà? Ṣé ẹ rò pé òyìnbó nìkan ló mọ ráàpù ni?

Ìbéèrè yìí máa ń wá pẹ̀lú ìbínú, mo sì fara mọ́ ìbínú náà. Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn oníráàpù tí mo dárúkọ kì í ṣe òyìnbó. Lẹ́ẹ̀kejì, àwo la ní ká sọ, kì í ṣe orin. Orin ráàpù pọ̀ ní Èkó bí yanrìn. Àwo tí èèyàn jókòó ṣe, tí orin kan ń bá èkejì sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ìyẹn ni kò pọ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ni. Ọmọ Bàrígà tó ń gba ohùn nínú yàrá, tó so aṣọ mọ́ ògiri kó lè mú ìró dúró, tó sì ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́, epo rẹ̀ ò lè gbé orin mẹ́rìnlá. Á ṣe ẹyọ kan, á gbé e sórí Audiomack, á máa wá ẹni tó máa jó o lórí TikTok. Bí ẹyọ náà bá lọ, wọ́n á pè é sí òde, ibẹ̀ ni owó wà. Bí kò bá lọ, á tún ṣe ẹyọ mìíràn. Ta ló fẹ́ dá a lẹ́bi? Láti ìgbà ṣókí lọ́dún 2014, títí kan zanku, títí dé amapiano tó wọlé láti South Africa, bíìtì ijó ló ń sanwó. Oníráàpù tó mọ̀ ọ́n sọ á ráàpù díẹ̀, á sì fi èyí tó kù kọ ègbè.

Kì í ṣe pé a ò ní ìpìlẹ̀. Kí ẹ tó máa wá Ka kiri, ẹ lọ gbọ́ C.E.O. ti Dagrin, 2009. Chief Executive Ọmọ Ìta ni ìtumọ̀ lẹ́tà mẹ́ta yẹn. Lord of Ajasa àti àwọn mìíràn ti ń fi Yorùbá ráàpù ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n Dagrin ló jẹ́ kó hàn pé èèyàn lè fi Yorùbá àdúgbò, èyí tí a ń sọ ní gáréèjì gan-an, ṣe odindi àwo láìtọrọ àforíjì. Ebi wà níbẹ̀, ìyájú wà níbẹ̀, ikú pàápàá wà níbẹ̀. Àwo náà gba àmì ẹ̀yẹ àwo ráàpù tó dára jù níbi ayẹyẹ Hip Hop World lọ́dún 2010. Oṣù kẹrin ọdún yẹn kan náà ni ọkọ̀ rẹ̀ kọlu ọkọ̀ akẹ́rù kan tó dúró ní Mushin. Ọjọ́ 22 oṣù náà ló kú ní ilé ìwòsàn LUTH, ní Ìdí-Àràbà. Ẹ lọ bi ẹnikẹ́ni tó wà níléèwé girama ní Mainland nígbà náà, á sọ ibi tó wà fún yín nígbà tó gbọ́.

Lẹ́yìn rẹ̀, Reminisce ni mo máa ń tọ́ka sí. Alaye Toh Se Gogo tó gbé jáde lọ́dún 2023 ì bá wà lórí ìwé wa ká ní ó bọ́ sí àárín ọdún tí a ń wò: ọ̀rọ̀ àgbà ni, Yorùbá rẹ̀ jinlẹ̀, kò sì bá ọmọdé du ijó. Bí ẹ bá wà ní Erékùṣù, Lafiaji ti Vector, 2016, tiyín ni, àdúgbò yín ló fi sọ ọ́. Ní ti Show Dem Camp, Tec àti Ghost ti ń ṣe tiwọn láìgbáralé ẹnikẹ́ni látìgbà àwo Clone Wars àkọ́kọ́ lọ́dún 2010. Wọ́n gbé Afrika Magik jáde lọ́dún 2025. Ó dáa, àmọ́ ìgbafẹ́ ọtí ẹmu ni mo fi í sí, kì í ṣe jíjókòó gbọ́ ráàpù.

Nítorí náà, ẹ má bínú sí wa. Ẹ bínú sí owó epo.

Olámidé ńkọ́? Ọmọ Bàrígà ni, òun ló sì ni ilé-iṣẹ́ orin YBNL.

Ẹ ti fi ọ̀rọ̀ mi mú mi nìyẹn. Lóòótọ́, òun náà mú iṣu mú ọ̀bẹ, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ọmọ àdúgbò sínú ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti 2020 ló ti ń bá EMPIRE, ilé-iṣẹ́ orin ti Amẹ́ríkà, ṣiṣẹ́ pọ̀, orin rẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ráàpù mọ́. Ikigai ti 2024, orin ìgbádùn ni. Mo máa ń gbọ́ ọ bí mo bá ń fọṣọ. Ọjọ́ Àìkú wa kọ́ ni.

Ṣé kò sí ọmọ Yorùbá kankan láàárín àwọn ti òkè òkun?

Little Simz. Simbiatu Ajikawo lorúkọ rẹ̀, Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀, London ni wọ́n bí i sí. Ó gba Mercury Prize, àmì ẹ̀yẹ àwo tó dára jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 2022, nítorí náà kò sí lábẹ́lẹ̀ mọ́, àmọ́ ọ̀nà yìí kan náà ló gbà gòkè: Age 101, ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, ló fi ń gbé orin jáde. Lotus ti 2025 dáa fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì wọn ò yé mi. Kí ni kí n ṣe?

Kò yé ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà náà. Ìgbà àkọ́kọ́, ẹ kàn gbọ́ ọ, ẹ má ka nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí ohùn wọ̀ yín lára. Ìgbà kejì, ẹ ṣí Genius, ojúlé tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ orin sí, lórí fóònù, kí ẹ máa fojú tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà. Ẹ má gbìyànjú àtimọ gbogbo ìlà, àwa náà ò mọ̀ ọ́n. Mú ẹyọ kan tó gbá ọ láyà, kí o máa rò ó. Ti Mach-Hommy nìkan lẹ ò ní rí níbẹ̀, nítorí kì í gbà kí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ orin rẹ̀ síta. Ẹ máa fi etí jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Níbo ni mo ti lè rí wọn, báwo ni mo sì ṣe lè sanwó?

Ọ̀pọ̀ wà lórí Spotify, Apple Music àti YouTube. Audiomack dáa fún tiwa níbí, nítorí ẹ lè gbà á sínú ẹ̀rọ lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ máa gbọ́ ọ láìná dátà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ kí owó dé ọwọ́ ẹni tó kọrin, Bandcamp ni, ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí olórin ti ń ta orin rẹ̀ fúnra rẹ̀. Nínú owó orin tí ẹ bá rà níbẹ̀, ìpín 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni Bandcamp ń mú. Láwọn ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n ń pè ní Bandcamp Friday, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2020, wọn kì í mú ìpín tiwọn rárá.

Wàhálà wa ni káàdì. Káàdì náírà lè gbà lónìí kó kọ̀ lọ́la. Káàdì dọ́là tí wọ́n ń ṣe lórí fóònù la fi ń rà á. Ẹnì kan nínú wa ló ní in, a ó dáwó, á rà á, a ó sì jọ gbọ́ ọ. Ẹ má bi mí bóyá òfin gbà á kí ó fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí wa. A kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí tí a fi ń pàdé nìyẹn.

Ní ti Alábà àti Ìdúmọ̀tà: àsìkò síídì ti kọjá. Ibẹ̀ la ti ra ráàpù nígbà tí a wà ní kékeré, ogún orin nínú síídì kan, orúkọ méjì nínú wọn ni wọ́n kọ dáadáa.

Níbo ló dáa jù láti gbọ́ ọ?

Ní Èkó, ojú ọ̀nà ni. Ọkọ̀ ojú irin Red Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò lóṣù kẹwàá 2024 ló gbà mí: láti Oyíngbò dé Àgbàdo, kìlómítà 27, kò sí kọ̀ńdọ́kítọ̀ tó ń pariwo ṣéńjì. Mo ti gbọ́ Ka níbẹ̀ tí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé láti sọ̀ ní Agége. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Third Mainland náà dáa, bí ẹ bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Tí ẹ bá ń rìn kọjá ní Òṣòdì, etí kan ṣoṣo ni kí ẹ fi íápíìsì sí o. Èkejì, ẹ fi gbọ́ ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ má lo sípíkà fóònù. Ìbàjẹ́ iṣẹ́ ẹlòmíràn ni.

Ṣé ọmọdé lè gbọ́ ọ?

Ka, bẹ́ẹ̀ ni, bí àgbàlagbà bá wà níbẹ̀ tó lè dáhùn ìbéèrè. Roc Marciano, rárá.

Oníráàpù ni mí, ní Ajégúnlẹ̀. Báwo ni mo ṣe lè mú kí ẹ gbọ́ àwo mi?

Fi ránṣẹ́. A ó gbọ́ ọ. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ nǹkan mélòó kan tí a máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi wá.

Ẹ jẹ́ kó pé. Àwo kékeré tó ní orin mẹ́fà tó bára mu sàn ju ogún orin tí ẹ kó jọ látinú fóònù. Ẹ má fi ohùn yín sábẹ́ bíìtì. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí wa, ìlù ti bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ la wá gbọ́. Bí owó ò bá tó fún mix (dída ohùn àti ìlù pọ̀ kí wọ́n bára mu) àti master (dídán gbogbo rẹ̀ kẹ́yìn) méjèèjì, mix ni kí ẹ ná an sí.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó wọ sitúdíò: ta ló ṣe bíìtì, ta ló kọ ègbè, mélòó ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. WhatsApp náà tó ẹ̀rí ju ẹnu lásán lọ. Mo ti rí ọ̀rẹ́ méjì tí wọn ò kí ara wọn mọ́ nítorí orin kan tí kò tíì pa ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí lóṣù kẹta 2023 dáàbò bo orin tí ẹ kọ fún gbogbo ọjọ́ ayé yín àti 70 ọdún lẹ́yìn ikú yín, kódà bí ẹ ò bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbikíbi. Ẹ̀rí ọjọ́ tí ẹ ṣe é àti ẹni tó ṣe é ni ẹ máa nílò bí ìjà bá dé. Bí ẹ bá gé fújì tàbí àpàlà àtijọ́ wọnú bíìtì, ẹ wá àwọn mọ̀lẹ́bí olórin náà rí kí àwo tó jáde. Ọmọ rẹ̀ lè wà ní òpópónà kejì.

Ẹ kọ orúkọ olùṣe bíìtì sára àwo. Ẹ kọ àdúgbò yín. Bí ẹ bá sì fẹ́ wá jókòó nígbà tí a bá ń gbọ́ ọ, àyè wà, ẹ má kàn sọ̀rọ̀ kó tó parí. Àga ò tó, ẹ lè jókòó lórí ìdì bébà.